Ìbínú Òjijì àti Ìbínú Ọlọ́jọ́ Pípẹ́: Ìtàn Àtúnṣe Òfin Ìmúnibínú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ikú ni èrè ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, adájọ́ kò sì láṣẹ láti dín ìyà náà kù, bó ti wù kí ọ̀ràn náà ṣeni láàánú tó. Líle òfin yìí ló bí àwíjàre ìmúnibínú, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ pé ẹni tó kú ló mú ẹni tó pa á bínú kọjá ohun tí ènìyàn lè mú mọ́ra. Àwíjàre àbọ̀ ni, nítorí pé kì í sọ apànìyàn di aláìjẹ̀bi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò ní ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn sí ìpànìyàn onípò kejì, èyí tí adájọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀ tàbí púpọ̀ jẹni níyà fún, bí ó bá ti rí ọ̀ràn náà sí.

Ní 1707, nínú ẹjọ́ Mawgridge, Adájọ́ Àgbà John Holt ka àwọn ohun tí òfin gbà pé ó lè múni bínú tó bẹ́ẹ̀: kí wọ́n fi ìwọ̀sí lu ènìyàn, kí ó rí ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń lù, kí ó rí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gba òmìnira rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, tàbí kí ọkọ ká àlè mọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni Holt kà sí ìrékọjá tó burú jù lọ sí ohun ìní ọkùnrin, èyí tó fi hàn gbangba ipò tí òfin fi ìyàwó sí. Ìbínú ọkùnrin tó ń gbé idà kiri, tó sì ń gbèjà iyì ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti ìyàwó tí ọkọ ń lù lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú ẹjọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlànà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ti fìdí múlẹ̀. Ní 1949, nínú ẹjọ́ Duffy, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti ń hùwà ipá sí pa ọkọ náà lórí ibùsùn lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Adájọ́ Devlin sọ fún júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń pinnu ẹ̀bi, pé ìmúnibínú kò dúró àfi tí olùjẹ́jọ́ bá pàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu lójijì àti fún ìgbà díẹ̀, àti pé bí àkókò bá ti wà láti ronú, ẹ̀san ni, kì í ṣe ìbínú. Òfin ọdún 1957 gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè múni bínú tó, ó sì fi ìpinnu lé júrì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kan òjijì yìí. Nígbà tí wọ́n sì fòpin sí ìdájọ́ ikú fún ìpànìyàn ní 1965, ẹ̀wọ̀n gbére di dandan dípò rẹ̀, nítorí náà àwíjàre náà kò di aláìwúlò.

Ẹjọ́ tó tú àṣírí àléébù ìlànà òjijì yìí ni ti Kiranjit Ahluwalia. Ó fara da ìwà ipá ọkọ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, títí di òru kan ní 1989 tó dáná sun ọkùnrin náà níbi tó sùn sí. Wọ́n dá a lẹ́bi ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin Southall Black Sisters kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pé kí ọwọ́ olùjẹ́jọ́ pẹ́ díẹ̀ kò pa àwíjàre náà rẹ́ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò fi òjijì sílẹ̀. Ẹ̀rí pé ọkàn rẹ̀ ti dàrú ni wọ́n fi fagi lé ìdájọ́ náà, nígbà tí wọ́n sì tún ẹjọ́ gbọ́, ìpànìyàn onípò kejì ni wọ́n gbà, ó sì lọ sílé. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé wọ́n kà á sí aláìsàn. Òfin kò tíì mọ bí a ti ń ka irú rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣe àìdáa sí.

Òfin ọdún 2009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2010, pa àwíjàre àtijọ́ náà rẹ́, ó sì fi ìpàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu rọ́pò rẹ̀. Kò pọn dandan mọ́ pé kí ó jẹ́ lójijì. Ìbẹ̀rù ìwà ipá tó le náà ti di ìdí tó tọ́. Àgbèrè nìkan kò sì lè jẹ́ ìdí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ẹjọ́ Clinton ní 2012 ilé ẹjọ́ ní a lè wò ó mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Àtúnṣe àbọ̀ ni, nítorí pé àjọ tó ń dámọ̀ràn àtúnṣe òfin ti ní kí wọ́n yọ ìpàdánù ìkóra-ẹni-níjàánu náà kúrò pátápátá, ìjọba sì dá a padà. Ẹni tí ẹ̀rù mú ṣe nǹkan pẹ̀lú ọkàn tó pa rọ́rọ́ kò tíì rí ibi sá sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà, nítorí pé ìwé òfin ọ̀ràn tí ìjọba amúnisìn gbé wọlé láti ìwé òfin Queensland ní Australia, tí Samuel Griffith kọ, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù. Queensland fúnra rẹ̀ ti ṣe àtúnṣe sí tirẹ̀ ní 2011. Abala 318 ti Nàìjíríà ṣì ń béèrè ìmúnibínú òjijì, kí ọkàn ẹni tó bínú sì má tíì rọ̀ kó tó ṣe é. Ẹni tí kò bá lè fi èyí hàn, ikú ni abala 319 là sílẹ̀ fún un.