Àwọn Dókítà Oríta ELWA

Ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia tí í ṣe olú-ìlú Làìbéríà, oríta kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ELWA. Iléeṣẹ́ rédíò tí àjọ ajíhìnrere SIM dá sílẹ̀ ní ọdún 1954 ni oríta náà ti gba orúkọ. Ní ọdún 1965, àjọ náà dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe ti ìjọba, ṣùgbọ́n gbogbo ará ìlú ló ń tọ́jú. Nígbà tí ogun abẹ́lé sì parí ní ọdún 2003, dókítà tó ṣẹ́ kù ní orílẹ̀-èdè náà kò tó nǹkan.

Ọdún 2014 ni àrùn Èbólà dán àjọṣe ìjọba àti aládàáni wò. Ilé ìwòsàn ELWA sọ ilé àdúrà rẹ̀ di ibi ìyàsọ́tọ̀. Àjọ Samaritan's Purse gba iṣẹ́ ìtọ́jú mọ́ra. Ní oṣù kẹjọ, àjọ Médecins Sans Frontières ṣí ELWA 3, tí ó di ibùdó ìtọ́jú Èbólà tí ó tóbi jù lọ tí a tíì rí títí di ìgbà náà. Ẹrù ìjọba ti bọ́ sí èjìká àwọn àjọ.

Àrùn kò bi dókítà léèrè ẹni tí ń san owó oṣù rẹ̀. Kent Brantly, ará Amẹ́ríkà tí ó wà lábẹ́ Samaritan's Purse, kó o ní oṣù keje. Wọ́n fún un ní oògùn ZMapp, ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Atlanta, ó sì yè. Ní oṣù kan náà ni Samuel Brisbane, àgbà dókítà ní John F. Kennedy, ilé ìwòsàn ìjọba ní Monrovia, kú. Abraham Borbor, akẹgbẹ́ rẹ̀, rí ZMapp lò, síbẹ̀ ó kú ní oṣù kẹjọ. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé ọkọ̀ òfurufú ì bá gbà wọ́n là. Ohun tí ó dájú ni pé kò sí èyí tí ó wá gbé wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera 378 ló kó àrùn náà ní Làìbéríà. 192 nínú wọn kú. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ọ̀rọ̀ náà kan Èkó pẹ̀lú. Àwọn dókítà ìjọba Nàìjíríà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà tí Patrick Sawyer gbé àrùn náà ti Làìbéríà wọlé ní oṣù keje. Ilé ìwòsàn aládàáni ló gbà á. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Jerry Brown, ọmọ Làìbéríà, ni olórí àwọn dókítà ELWA nígbà náà. Ó dúró, ó sì tọ́jú àwọn aláìsàn títí ìjì náà fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe olórí John F. Kennedy, ilé iṣẹ́ Brisbane àti Borbor. Ọgbọ́n tí aládàáni fi kọ́ dókítà lè tipa báyìí padà sọ́dọ̀ ìjọba. Ààbò ni kò tíì bá a padà. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí aládàáni bá òun gbé ẹrù ìlera gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ohun tí a ó ṣe fún dókítà àlejò nígbà ewu, a ó ṣe é fún ọmọ onílé pẹ̀lú.