Ta Ló Ń Kà Wá? Ìtàn Ìwé Jẹjẹrẹ, láti Ìbàdàn dé Ikaram

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kà á ju kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lọ, ọ̀rọ̀ ètò tọ̀sẹ̀ yìí ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ikaram ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní Àkókó, ìlú bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan wà ní agbolé wa, Ìyá Òkè la máa ń pè wọ́n. Kókó yọ sí wọn lọ́mú. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó, àgbo ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, títí ó fi di egbò. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé wọn gba Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Nígbà tí wọ́n kú, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìsìnkú ni "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Àìsàn ránpẹ́ tó lé lọ́dún méjì.

Ìbéèrè tí ò kúrò lọ́kàn mi ni pé: ta ló ka Ìyá Òkè? Ìwé wo ni orúkọ wọn wà, tí ìjọba tàbí oníwàádìí lè fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú pa obìnrin kan ní Ikaram? Kò sí. Ìtàn òní dá lórí àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti kà wá, àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fọ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Dókítà kan á jókòó ti aláìsàn, á bi í pé: kí ló ń ṣe ẹ́? Dókítà kejì á dúró lẹ́nu bodè ìlú, á béèrè pé: èèyàn mélòó ni nǹkan yìí ń ṣe níbí? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Kí ni wọ́n ń jẹ, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Ìmọ̀ ti dókítà kejì yìí ni wọ́n ń pè ní epidemiology. Òun ló sọ fáyé pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ọdún 1960, ọdún òmìnira gan-an, ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka pàtọ́lọ́jì níbẹ̀. George Edington, òyìnbó onímọ̀ pàtọ́lọ́jì, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Dókítà obìnrin kan, Una Maclean, bá a ṣe é. Obìnrin yìí kan náà ló wádìí nípa àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn, tó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1971. Ó yé e pé ẹni tó ń mu àgbo nílé lè má dé ilé ìwòsàn rárá, kò sì ní sí ẹni tó máa kà á.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí jẹjẹrẹ ṣe wọ́pọ̀ tó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì: iye àwọn tó ní in, àti iye gbogbo èèyàn ìlú. Nọ́ńbà kejì yìí ni wàhálà. Ìkànìyàn 1962, wọ́n fagi lé e. Ti 1963 tí ìjọba gbà, àríyànjiyàn ò tán lórí ẹ̀. Síbẹ̀, ní 1965, Edington àti Maclean gbé èsì ọdún 1960 sí 1963 jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ní Bìrìtéènì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ṣe ìwé àkọ́kọ́ tó fi jẹjẹrẹ wé ara wọn káàkiri àgbáyé, Ìbàdàn wà nínú ẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ pọ̀ lára àwọn obìnrin, ti ẹ̀dọ̀ pọ̀ lára àwọn ọkùnrin. Lára àwọn ọmọdé, èyí tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló pọ̀ jù. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, ti kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1958. Ní 1961, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì wa mọ́tò àlòkù láti Kampala lọ sí gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń béèrè láti ọsibítù dé ọsibítù pé, "ṣé ẹ ti rí irú ọmọ báyìí?" Ibi tí òjò àti ibà ti pọ̀ ni àrùn náà wà. Nígbà tó di 1964, Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan nínú ẹ̀. Ìbéèrè lásán láti ìlú dé ìlú ló ṣínà fún wọn.

Ó wá kan ẹ̀kọ́ṣẹ́ báyìí. Ẹ mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń gba fírídọ̀mù? Ẹni tó ń ṣe postdoc ti gba fírídọ̀mù tirẹ̀ tán, ó ti di dókítà tàbí ọ̀mọ̀wé, ó wá tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Wọ́n dá àjọ IARC ti ìwádìí jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní 1965, Lyon ní Faransé ni ilé iṣẹ́ wọn. Láti 1966 ni wọ́n ti ń fún àwọn oníwàádìí láyè láti kọ́ṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ NCI bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn lórí ìdènà jẹjẹrẹ ní 1987.

Àwọn ọmọ Ìbàdàn náà lọ. Olufunmilayo Olopade jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé. Láti 1998, òun àtàwọn tó wà ní UCH jọ ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ọmú ní Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé ó máa ń tètè mú àwọn obìnrin wa, àti pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í gbọ́ràn sí oògùn tó ń dènà họ́mónù. Clement Adebamowo, oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, kọ́ epidemiology ní Harvard. Ó wà lára àwọn tó dá ètò tó so àwọn ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Nàìjíríà pọ̀ sílẹ̀ ní 2009.

Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ìwé bíi ti Ìbàdàn, àwọn tó ń gbé ní àgbègbè ẹ̀ ló ń kà. Bí wọ́n bá gbé Ìyá Òkè dé UCH, tí wọ́n kú síbẹ̀, ará Ikaram ni wọ́n ṣì jẹ́. Wọn ò ní sí nínú ìṣirò Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe ti Ikaram. IARC sọ pé ó tó 125,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ mú ní Nàìjíríà ní 2020, ó sì pa bí 79,000. Ìfojúdá ni, tí wọ́n ṣe láti inú ìwé ìlú díẹ̀. Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn gan-an, 2006 ni.

Ṣé nọ́ńbà wúlò? Ó wúlò. Wọ́n ka jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, wọ́n tọpa ẹ̀ dé fáírọ́ọ̀sì HPV, Harald zur Hausen gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2008. Oṣù Kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀. Ó dé àwọn ìpínlẹ̀ tó kù, tó fi mọ́ Oǹdó, ní 2024. Ọmọ-ọmọ Ìyá Òkè lè gbà á lónìí.

Ẹran tí a ò kà, a ò lè mọ̀ pé ó sọnù. Mi ò ní sọ pé kẹ́ni tó fẹ́ jápa má lọ. Olopade náà lọ. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà nílé, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látara ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Bí ìyá tàbí àǹtí yín bá ní kókó lọ́mú, ẹ tètè mú wọn lọ. Ẹ béèrè orúkọ àìsàn náà lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá sì di ọjọ́ ìwé ìsìnkú, bí ẹbí bá gbà, ẹ jẹ́ ká dárúkọ ohun tó pa èèyàn wa.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa: ta ni wọn ò kà ní agbolé tiyín? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.