Àdìrẹ: Ọ̀rọ̀ Yorùbá Tó Di Gẹ̀ẹ́sì

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn alákòóso ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford fi ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kan láti Nàìjíríà kún ìwé wọn. Jápá wà níbẹ̀, agbèrò wà níbẹ̀, gèlè àti ẹ̀bà pẹ̀lú. Àdìrẹ náà wọlé. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò ìwé kankan láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ohun tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìrìn ọ̀rọ̀ náà ti jìn tó, kí ó wo Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, nítòsí Kàbà. Ibẹ̀ ni a bí Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Òkúndáyé sí ní 1951. Ní 1995, Kim Marie Vaz tẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan jáde lórí ìgbésí ayé wọn. Batik ni àkọlé ìwé náà pe iṣẹ́ wọn. Batik! Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jáfà lọ́hùn-ún ni. Kò ṣì pátápátá, nítorí ìda yíyọ́ ni batik ń lò, Olóyè náà sì ń fi ìda ya ọnà. Síbẹ̀, kí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì tó lóye iṣẹ́ ọmọ Ògìdì nígbà náà, ó ní láti gba Jáfà kọjá. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ aṣọ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Òkun, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ lórí òfì òòró láti ayébáyé.

Àdìrẹ oníko, tí a fi ìko dì, ni orúkọ náà bá mu jù. Ẹlẹ́kọ ńkọ́? A kì í dì í rárá. Ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ni aláró ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ, kí aró má baà mu ibẹ̀. Orúkọ náà ti fẹ̀ ju dídì lọ tipẹ́tipẹ́. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aláró gbé àwòrán ọba àti olorì sórí aṣọ, wọ́n pè é ní Olọ́ba. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú àdìrẹ ní nǹkan bí 90 ọdún kí àdìrẹ tó wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì.

Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í fi sábẹ́ ẹ. Àmì abẹ́ yẹn gan-an ló gbé aró dání: rẹ ni à ń rẹ aṣọ, re, ohun tó dára ni.

Ní báyìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà ẹlẹ́kọ sí lára ní Ṣáínà ti kún ọjà, àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta sì ń ké. Kò sí ẹni tó dì í, kò sí ẹni tó rẹ ẹ́. Àdìrẹ ni àwọn tó ń tà á ń pè é.