Ìtàn Ọ̀rọ̀ náà ‘Ecclesia’

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lè di ọ̀ràn àṣẹ. Ní Áténì àtijọ́, ‘ekklesia’ ni ìpàdé àwọn ọkùnrin onílùú, níbi tí wọ́n ti ń nawọ́ dìbò lórí òfin àti ogun. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, àwùjọ onígbàgbọ́ ni. Síbẹ̀, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 19 lò ó fún èrò tí ń pariwo ní Éfésù. Ní 1526, William Tyndale fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ‘àwùjọ’ túmọ̀ rẹ̀, kò lo ‘ṣọ́ọ̀ṣì’. Thomas More takò ó ní 1529, nítorí ó rí i pé àṣẹ àlùfáà ni èyí ń bì wó. ‘Ìjọ’ inú Bíbélì Yorùbá, tí a fa yọ láti ara ‘jọ’, ti Tyndale lẹ́yìn: ènìyàn ni, kì í ṣe ilé.