Ẹni Tó Tètè Béèrè

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ní í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Òwe yìí kò bu ẹnu àtẹ́ lu Ifá àná. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó padà wá béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ ti yí kò jẹ̀bi àìgbọràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni ẹjọ́ Jones v. Hendrix, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn dá ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, ọdún 2023.

Lọ́dún 2000, kóòtù kan ní Missouri dá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jones lẹ́bi pé ó ní ìbọn lọ́wọ́ nígbà tó ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá rí, àti pé ó purọ́ kó tó rí ìbọn rà. Ẹ̀wọ̀n oṣù 327 ni wọ́n fún un. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ já sí asán. Ó wá lo abala 2255, tó gba ẹlẹ́wọ̀n láyè láti ní kí kóòtù tó dá a lẹ́jọ́ tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì wọ́gi lé ìyà orí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sùn náà. Lọ́dún 2019, nínú ẹjọ́ ẹlòmíràn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé olùjẹ́jọ́ mọ̀ pé òun wà lára àwọn tí òfin kọ̀ fún láti ní ìbọn. Wọn kò béèrè èyí nígbà tí wọ́n dá Jones lẹ́jọ́, ló bá tún padà wá béèrè. Àmọ́ òfin ọdún 1996 tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí kò gba ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì àfi tí ẹ̀rí tuntun bá yọjú, tàbí ìlànà tuntun láti inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ìtumọ̀ tuntun tí wọ́n fún òfin lásán kò sí nínú méjèèjì. Adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, wọ́n kọ ìbéèrè rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ lópin: ẹlẹ́rìí ń kú, ìwé ń sọnù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹlẹ́wọ̀n tí kò tíì lo abala 2255 rí fi láǹfààní ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìdájọ́ 2019 láti mú ọ̀rọ̀ kan náà wá, bó ti wù kí ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ́ tó? Ìwé tirẹ̀ kò lè sọnù ni? Ẹni tó tètè béèrè ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn tirẹ̀ ti kọ irú àwíjàre bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ta ni ì bá dá a lóhùn? Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ lóòótọ́ pé òfin kọ ìbọn fún òun o. Kí wọ́n bi ìgbìmọ̀ onídàájọ́ nígbà náà, nítorí iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Adájọ́ Thomas, tó kọ ìdájọ́ náà, ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ kí ẹjọ́ lópin ju kí wọ́n ṣàtúnṣe àṣìṣe lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló yẹ kó fi ọ̀nà kẹta kún méjì tó wà nílẹ̀, fún ẹni tí òfin tó gbé e wẹ̀wọ̀n bá gba ìtumọ̀ mìíràn.