Kì í Ṣe Ìtọ̀ Ló Tan Iná Náà

Ìtàn kan wà tí kì í kú lẹ́nu wa: pé ní ọdún 2012, níbi àfihàn Maker Faire Africa tó wáyé l'Ékòó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọn kò ju ọmọ ọdún 14 sí 15 lọ gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń mu ìtọ̀ jáde, lítà kan sì ń fún un ní iná wákàtí mẹ́fà. Ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti ń bo Kétu àti Ìkòsí mọ́lẹ̀ lálẹ́, tí owó epo sì fò sókè láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ni kò ní fẹ́ kó jẹ́ òótọ́? Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́ o. Orúkọ tí a sọ iṣẹ́ wọn ni kò bá a mu.

Ohun tí wọ́n tò rèé: iná mànàmáná ya gáàsì háídrójìn kúrò lára ìtọ̀, gáàsì gba inú omi kọjá kó lè mọ́, ó gba inú borax kó lè gbẹ, ó wá wọ jẹnẹrétọ̀ lọ jó dípò epo. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé níbẹ̀. Ní 1800 ni Nicholson àti Carlisle ti fi bátìrì ya omi sí gáàsì méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1807, Isaac de Rivaz, ará Switzerland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì tó ń jó háídrójìn, nígbà tó sì di 1820, àlùfáà William Cecil ti ń ṣàlàyé ní Cambridge bí gáàsì náà ṣe lè yí ẹ̀rọ. Mọ́tò Karl Benz ṣì ku bí ọdún 65 kó tó dé. Háídrójìn wà lára ohun tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ jẹ, kó tó mọ adùn epo bẹntiróòlù. Èyí tó kan ìtọ̀ gan-an, Gerardine Botte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ohio ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009.

Ẹni tó bá fẹ́ ya kílò háídrójìn kan kúrò lára omi yóò ná tó yúníìtì 50, irú yúníìtì tí à ń rà sí mítà. Bó bá fi kílò náà yí jẹnẹrétọ̀ kékeré, bíi méje tàbí mẹ́jọ ni yóò rí gbà padà. Ooru ló gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Wọ́n á ní ìtọ̀ kì í ṣe omi lásán. Òótọ́ ni. Yùríà wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tí àwọn àgbẹ̀ ń rà lápò fún ajílẹ̀, ó sì rọrùn láti yà ju omi lọ: fóòtì 0.37 ló ń béèrè, omi ń béèrè 1.23. Ṣùgbọ́n yùríà inú lítà ìtọ̀ kan kò ju bíi gíráàmù 20 lọ. Bí a bá tiẹ̀ yà á tán pátápátá, gíráàmù háídrójìn méjì ni yóò jáde, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè fi tan gílóòbù wáàtì 10 kan fún wákàtí kan àti díẹ̀. Wákàtí mẹ́fà dà? Gáàsì yòówù tó bá lé lórí ìyẹn, ara omi inú ìtọ̀ ló ti jáde, iná tí a fi yà á ló sì sanwó rẹ̀.

Àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ háídrójìn fún onímọ́tò a máa tọ́ka sí ìwádìí NASA ti 1977. Ìwádìí gidi ni: háídrójìn díẹ̀ tí a pò mọ́ epo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú epo díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n inú sìlíńdà gáàsì ni wọ́n ti fa háídrójìn ọ̀hún, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ lára methanol. Dáńfó tó bá ń fi iná ara rẹ̀ ya omi láti Kétu dé Mile 12, epo inú táńkì rẹ̀ ló ń jó kó tó rí gáàsì náà jó.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ gba ògo lọ́wọ́ ọmọ wa. Ìyìn tó tọ́ sí wọn ni mò ń wá: wọ́n mọ̀ pé háídrójìn lè bú gbàmù, wọ́n sì fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí gáàsì padà sẹ́yìn sí i. Ọgbọ́n ni ìyẹn, kò nílò àsọdùn. Ẹ̀yin ará Kòsọ́fẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù yín, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó já wáyà bátìrì àti ti NEPA kúrò lára rẹ̀, kó da lítà kan sí i, kẹ́ ẹ jọ máa wo aago.