Adìẹ Fúlàní ní Agbègbè Ọ̀fà: Ìtàn Ẹyin àti Ìrìnàjò Rẹ̀

Ìfáàrà

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn Yorùbá ń sọ, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan yẹ̀pẹ̀ ká orí omi ní Ilé-Ifẹ̀ tí ilẹ̀ fi wà. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ náà àti lórí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi rọ̀ wá sílé ayé. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni wọn kì í sábà dúró lé. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́rin ni adìẹ tó wọ́pọ̀ máa ń ní. Èyí tó ní márùn-ún ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wà lóòótọ́, àbùdá àjogúnbá sì ni, tí òbí kan ṣoṣo lè fi ta ọmọ lọ́rẹ. Ó dájú pé ẹni tó kọ́kọ́ fi irú adìẹ bẹ́ẹ̀ sínú ìtàn ti máa ń wo ẹsẹ̀ adìẹ dáadáa.

Ọ̀fà, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara, jẹ́ ìlú tí orúkọ ẹyẹ wà nínú oríkì rẹ̀. Ìyèrú Ọ̀kín ni wọ́n ń kì í, ọ̀kín sì ni Yorùbá ń pè ní ọba ẹyẹ. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kín ni ó ń ṣa àgbàdo jẹ ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Ọ̀fà, adìẹ ni. Ìlú náà wà níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ní ìhà gúúsù ni adìẹ kékeré tí àwọn onímọ̀ ọ̀sìn ń pè ní adìẹ Yorùbá ti wọ́pọ̀. Ní ìhà ọ̀dàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní adìẹ Fúlàní wà, tó tóbi jù ú lọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọ pinpin rẹ̀ ni bí irú adìẹ kan ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní in rí, àti ìdí tó fi jẹ́ pé adìẹ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ni ó ń kẹ́sẹ járí ju ẹyin tí wọ́n dì ránṣẹ́ lọ.

Àbùdá tó ṣọ̀wọ́n lára adìẹ ìbílẹ̀

Adìẹ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Ní Jenne-jeno, ní orílẹ̀-èdè Málì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun adìẹ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sí àárín ọdún 500 sí 900. Èyí túmọ̀ sí pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí oòrùn, ebi, àṣá àti àrùn ti ń ṣa adìẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lẹ́ṣà, kí ènìyàn kankan tó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ fún un.

Ìṣàyàn yẹn hàn nínú orúkọ tí Yorùbá fún adìẹ. Adìẹ aṣa ni èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ẹni pé ìjì ti fẹ́ ẹ. Abólọ́rùn ni èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn. Òpìpì ni èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó fò. Arúpẹ̀ ni èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè wọ́n ní abùkù. Ṣùgbọ́n abólọ́rùn tó jogún àbùdá náà lọ́dọ̀ òbí kan máa ń ní ìyẹ́ tó fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti adìẹ mìíràn. Èyí tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì lè dín tó ìdá 40. Ooru ara rẹ̀ a máa tètè jáde. Ní oṣù kẹta ọdún, tí ooru Ọ̀fà lè kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, adìẹ bẹ́ẹ̀ a máa jẹun nígbà tí èyí tó ní ìyẹ́ púpọ̀ bá ń yanu mí gùlegùle lábẹ́ àká.

Ọ̀ràn aṣa le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àkùkọ aṣa bá gun àgbébọ̀ aṣa, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn yóò ní ìyẹ́ gbọọrọ bíi ti adìẹ lásán, ìdá méjì yóò jẹ́ aṣa, ìdá kan tó kù yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, nítorí ìyẹ́ wọn a máa kán. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú aṣa ní láti mú un gun adìẹ onírun gbọọrọ, kí ó sì fara mọ́ ọn pé ìdajì ọmọ kò ní jẹ́ aṣa. Ní 2012 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé àyípadà kan nínú èròjà tí ń kọ́ ìyẹ́ ni ó fa àbùdá náà. Wọ́n kàn fi orúkọ sí ohun tí àwọn àgbà obìnrin ti ń rí nínú àgò adìẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Adìẹ tó ń tẹ̀ lé màlúù

Adìẹ Fúlàní ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin inú gáà ni wọ́n ń sìn ín, kì í ṣe àwọn darandaran ọkùnrin. Bí agbo màlúù bá ṣí lọ síbòmíràn, adìẹ a bá wọn lọ nínú àgò. Bí obìnrin gáà bá gbé wàrà wá sí ọjà, a máa bá obìnrin Yorùbá pàdé níbẹ̀. Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láìsí ìwé, láìsí àṣẹ ìjọba. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ adìẹ Fúlàní fi wọ inú adìẹ abúlé káàkiri ọ̀dàn Kwara àti ti Ọ̀yọ́.

Àwọn onímọ̀ kò tètè gba adìẹ yìí gẹ́gẹ́ bí irú tó dá dúró. Ní 2005, Fayeye pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹyin adìẹ Fúlàní, bí ẹyin náà ṣe ń pa, àti bí àwọn òròmọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ìwádìí yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní àárín ibi tí adìẹ náà ń gbé ni ó ṣe é, kì í sì í ṣe láti fi ṣe ìfiwéra pẹ̀lú adìẹ òyìnbó nìkan.

Ẹyin tí wọ́n dì ránṣẹ́

Ojú irin láti Èkó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá, ó sì wọ Ọ̀fà ní nǹkan bí ọdún 1908. Ènìyàn lè rò pé láti ìgbà náà ni ẹyin adìẹ tó dára yóò ti máa bá ọkọ̀ ojú irin wá. Ìṣòro ibẹ̀ wà nínú ẹyin fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Liverpool dé Èkó, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára ẹyin láti pa ń dín kù lẹ́yìn ọjọ́ méje tí wọ́n ti yé e. Ibi tútù, tí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 15 sí 18, ni ẹyin àtipa ń fẹ́ kí ó tó dé abẹ́ ìyá. Bí ooru bá ti kọjá bí ìwọ̀n 25, ọlẹ̀ inú ẹyin a bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà díẹ̀díẹ̀, láìní ooru tó tó láti parí iṣẹ́ náà, a sì kú. Yàrá èyíkéyìí ní Ọ̀fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìwọ̀n yẹn lọ. Ẹyin tó kúrò ní ọwọ́ olówò ní pípé lè ti di òbu kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Ìjagọ̀ ọkọ̀ tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà ní ìdí ẹyin, níbi tó fẹ̀. Òun ni òròmọ kọ́kọ́ ń mí kí ó tó fọ́ èèpo. Bí ọ̀nà bá gbá ẹyin jìgìjìgì, awọ tó bo afẹ́fẹ́ náà a tú, afẹ́fẹ́ a máa rìn kiri inú ẹyin. Ẹni tó bá gba ẹyin láti ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà lókè, kí ó tó fi sábẹ́ adìẹ tàbí sínú ẹ̀rọ ìpẹyin. Ẹni tí kò ní sùúrù fún ọjọ́ kan yẹn a máa fi ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣe òfò. Nínú ẹ̀rọ, ooru ìwọ̀n 37.5 ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń yí ẹyin padà títí di ọjọ́ kejìdínlógún. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tó ń gbẹ èèpo àti awọ, tún jẹ́ ọ̀tá ẹyin ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Àfi kí wọ́n gbé omi sínú ẹ̀rọ.

Àwọn obìnrin ilé kò ní ẹ̀rọ, wọ́n ní adìẹ tó ń sàba. Wọ́n mọ̀ pé adìẹ kan náà lè pa ẹyin ẹlòmíràn. Wọ́n ń fi ẹyin ẹtù sábẹ́ adìẹ, èyí tó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 26 sí 28, wọ́n sì mọ̀ pé ìyá agbàtọ́ náà yóò ṣe sùúrù ju ọjọ́ mọ́kànlélógún tirẹ̀ lọ.

Àgíríkì dé

Adìẹ àgíríkì, tí àwọn ará ilé sọ lórúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, ni ọ̀nà kejì tí irú tuntun gbà wọlé. Ìjọba gbìyànjú ètò ìpààrọ̀ àkùkọ: kí àgbẹ̀ mú àkùkọ ìbílẹ̀ wá, kí ó sì gba àkùkọ òyìnbó bíi Rhode Island Red. Àkùkọ òyìnbó náà tóbi, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò mọ àṣá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ jẹ ní ìta. Ní òpin 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953, àrùn Newcastle, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní lùkúlùkú, bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, òun sì ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ó ti di pé adìẹ tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í dá ẹnikẹ́ni lójú. Àrùn H5N1, tó wọ Áfíríkà láti oko kan ní Ìpínlẹ̀ Kaduna ní oṣù kejì ọdún 2006, tún kọ́ àwọn olówò pé kò yẹ kí wọ́n gba ẹyin tàbí adìẹ tí wọn kò mọ orísun rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Ṣónáìyà ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó ṣe aṣáájú nínú ìpè pé kí adìẹ abúlé di ohun ìwádìí. Ní 1989, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tó pa àwọn onímọ̀ adìẹ abúlé ní Áfíríkà pọ̀. Ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébámbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún tó lé ní ogún ṣe iṣẹ́ ìṣàyàn lórí adìẹ ìbílẹ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ FUNAAB Alpha sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 2018. Ètò ìwádìí ACGG, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, mú oríṣiríṣi adìẹ wọ àwọn abúlé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, Kwara sì wà lára wọn. Adìẹ Fúlàní, FUNAAB Alpha, Noiler àti Kuroiler wà lára ohun tí wọ́n pín. Ẹni tó bá fojú ìtàn wò ó yóò ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹyin ni wọ́n pín. Òròmọ tí wọ́n ti tọ́ dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n sì ti fún ní abẹ́rẹ́, ni wọ́n gbé dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀.

Àṣeyọrí yìí ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí àkùkọ Noiler àti ti FUNAAB Alpha bá ti pọ̀ ní ìta, adìẹ Fúlàní tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dàpọ̀ yóò máa dín kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á tàbí tà á. Lára ohun tí ìdàpọ̀ náà sì ń mú lọ ni sísàba. Adìẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń sìn nínú àgò lè yé tó 300 ẹyin lọ́dún, èyí tí adìẹ ìbílẹ̀ kò lè sún mọ́, ṣùgbọ́n kì í jókòó lé wọn lórí. Ní ilé tí iná mànàmáná kò dúró, ẹ̀rọ ìpẹyin kò wúlò. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ẹyin irú tuntun tó rà pa ní láti wá adìẹ ìbílẹ̀ kan lọ́dọ̀ aládùúgbò, kí ó yá a fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ó sì fi ẹyin náà sábẹ́ rẹ̀.